Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Ìyá Oníkọ́tìnì

Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tí Ìyá Oníkọ́tìnì ń wà ti pé ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì já a kulẹ̀ rí títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń sọ yìí. Ó ń gun òkè tó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Kọ́tìnì fún fèrèsé méjìlélógún ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ká wọn jọ bí ewé ìwé. Àkàbà wà níbẹ̀, àpótí ìkọ́ wà níbẹ̀, ọ̀pá kọ́tìnì gígùn mẹ́rin tó jẹ́ ti yàrá ńlá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀pá yìí gùn ju gbogbo èyí tó ti gbé rí. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ti gba àárín ìjókòó méjèèjì iwájú kọjá, orí wọn sì sùn sílẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń gbé. Ó ti fi okùn so wọ́n pọ̀, ó sì gbà pé wọn kò ní yọ òun lẹ́nu.

Nígbà tó dé ìdajì òkè, ọkọ̀ rọ. Kò kú, kò rú èéfín, kò gbọ̀n. Ó kàn rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ìyá Oníkọ́tìnì tẹ tọ́tù, ọkọ̀ kò sáré. Ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ọkọ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ bó ṣe wù ú. Ọkùnrin kan tó ń fi ẹsẹ̀ rìn gòkè, tó gbé àpò lé èjìká, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá a rìn ní ọgbọọgba.

Ohun tí ẹlòmíràn ìbá kọ́kọ́ rò ni pé ọkọ̀ ti bàjẹ́. Òun kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló wò. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ó ti dé.

Ohun tó ń retí náà ni èyí. Oṣù mẹ́rin ṣáájú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, sílípáàsì bọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nínú yàrá, ó sì rìn dé ilé ìdáná kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan wà lófìfo. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ náà wúwo bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sójú kan nínú iṣan ọpọlọ, tó sì tún ṣí fúnra rẹ̀, pé kí wọ́n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá. Bó bá ń bọ̀, ó lè yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tún lọ, kí ènìyàn má rí àpá rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá kọ̀ láti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kí ìyá má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kó wá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ló gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Oṣù méjì gbáko ni kọ́kọ́rọ́ fi wà nínú àpò ọmọ. Oṣù méjì yẹn ni Ìyá Oníkọ́tìnì mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni wọ́n gbà. Wọn kì í gbé àkàbà wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, iṣẹ́ ló ń jí i láàárọ̀, iṣẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí dókítà gbà pé ó lè wakọ̀, ọmọ dá kọ́kọ́rọ́ padà, ṣùgbọ́n ó dì í mú títí ó fi sọ tẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Mọ́mì, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yìí bá kọ̀ fún yín nínú ọkọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé kọ́kọ́rọ́ wá bá mi. Mi ò ní wá gbà á.”

Ìyá ní òun gbọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í yẹ ohùn. Bó bá ní kọ́tìnì yóò kan ilẹ̀, yóò kan ilẹ̀, kò ní fi ìwọ̀n èékánná kan kù.

Ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ fi lọ sí ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù náà, torí kò fẹ́ ṣe ẹ̀tanú sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Epo wà. Ooru ẹ́ńjìnnì kò pọ̀. Iná kankan kò tàn.

Iná kò lè tàn sí i lójú níbẹ̀ ṣá. Iṣẹ́ ẹni tó ń rán kọ́tìnì ni láti bo ohun tó ń tàn síni lójú, ìyá yìí sì mú iṣẹ́ náà wọlé débi pé kò mọ ìgbà tó ń ṣe é mọ́. Iná pupa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní aṣọ tirẹ̀. Iná ẹ̀rọ amómitutù ní tirẹ̀. Nígbà tí iná kékeré kan, àwọ̀ ọsàn, tàn ní igun ọ̀tún dáṣíbọ́ọ̀dù ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó bi ọkùnrin kan tó dúró létí títì pé kí ni. Ọkùnrin náà ní iná táyà ni, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ìyá délé, ó gé aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kọ́tìnì, ó ṣẹ́ etí rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun náà. Ó mọ́ tónítóní débi pé wàá rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, igun yẹn ti dákẹ́.

Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láàárín òkè náà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe nítorí ọkọ̀, bí kò ṣe kó lè ráyè fi ọwọ́ méjèèjì tọ́jú ẹsẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ra ẹsẹ̀ láti orúnkún dé ọmọ ìka, ó gbá àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn gbàgbé. Lẹ́yìn náà ó tan ọkọ̀, ó tẹ tọ́tù. Ọkọ̀ dáhùn, ó sì gun òkè yòókù bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Oníkọ́tìnì mí kanlẹ̀. Rírà tó ra ẹsẹ̀ ló gbà á là, lójú tirẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èyí tó ń lo iná mànàmáná, tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe ń sáré. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ kíún, abẹ́rẹ́ gún aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́ kíún, abẹ́rẹ́ tún gún un lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ké, ó rán etí aṣọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìwọ́. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Bàtà kan náà ni. Bóyá ẹsẹ̀ mọ ẹ̀rọ ju ọkọ̀ lọ, torí ó ti bá ẹ̀rọ gbé fún ogójì ọdún? Bóyá òkè ni kò fẹ́? Ó gun àtẹ̀gùn ilé lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró, ó di ògiri mú, ó ka ogún. Ẹsẹ̀ kò mì. Ọ̀rọ̀ náà ò yé e. Ìbá yé e jù bí ẹsẹ̀ bá ti kọ̀ níbi gbogbo.

Lọ́jọ́rú, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dà yàrá ńlá kò tíì gbẹ níbi iṣẹ́, nítorí náà àwọn ọ̀pá gígùn kò tíì kúrò nínú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kan dúró lójijì níwájú rẹ̀, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì mú un dáadáa. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ọkọ̀ ti rọ. Ó yà, ó pa á, ó ra ẹsẹ̀, ó tan án, ọkọ̀ lọ. Ó kíyè sí i pé kò sígbà tí bíréèkì kọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí náà ló ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò títí ó fi dé ibi iṣẹ́, kò rí ibi tí yóò fi sí. Ó wá kúkú bọ́ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán wakọ̀, bóyá bàtà ló ń dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹnì kan wà nílé ìtọ́jú náà tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Awakọ̀, torí ó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì wa bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ọkọ̀ tún ti rọ lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà, bí Ìyá Oníkọ́tìnì ṣe wà lórí àkàbà tó ń kọ́ kọ́tìnì, bàbá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ṣí àwọn lójú lánàá nígbà tó tú kọ́tìnì àtijọ́, ó tún wá ń bo àwọn lójú lónìí. Ìyá ní kọ́tìnì tí bàbá kò fẹ́, ojú bàbá ni òun yóò kúkú fi bò. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó rọra mú ọ̀rọ̀ wọlé. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni o. Ọ̀rẹ́ náà ń tẹ tọ́tù, ọkọ̀ kì í lọ, bó bá sì sinmi díẹ̀, á tún lọ.

Bàbá bi í pé ṣé ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí ni àbí ti àtijọ́. Ó ní ti ìsinsìnyí. Bàbá ní ọkọ̀ ìsinsìnyí kì í ṣe àìsàn kó má sọ, pé iná yóò tàn níwájú awakọ̀ dandan. Ó wá bèèrè iná tó tàn.

“Iná kankan ò tàn,” ni ìyá wí.

“Kò sí rárá?”

“Mo wò ó dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, mo fẹ́ wí.”

Bàbá Awakọ̀ gbójú sókè wò ó lórí àkàbà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “A jẹ́ pé ọkọ̀ kọ́. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó ṣọ́ra. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ tèmi, lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ìyókù.”

Ìyá Oníkọ́tìnì yíjú sí ògiri, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kọ́tìnì tó kọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn wọ́ díẹ̀, ó ní láti tú u kọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nǹkan dé ojú ẹ̀. Oríta ńlá kan wà tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé. Iná ní kó máa lọ, ó lọ, ó dé àárín gbùngbùn, ọkọ̀ rọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ láti apá òsì, ó fọn fèrè lé e lórí, ó tẹ bíréèkì débi pé táyà rẹ̀ ké. Awakọ̀ akẹ́rù yọrí, ó bi í léèrè bóyá orí ibùsùn ló rò pé òun wà. Ìyá fi ọkọ̀ wọ́ bí ìgbín títí ó fi dé òdìkejì. Obìnrin kan dúró níbẹ̀, ó di ọmọ méjì lọ́wọ́ mú, wọ́n ń dúró láti sọdá. Wọ́n ń wò ó. Ìyá náà ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn kò ra ẹsẹ̀. Ó jókòó, ó ń rò ó pé bíréèkì kò tíì kọ̀ fún òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kò ní kọ̀ lọ́la, nígbà tí irú àwọn yìí bá wà níwájú? Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá lórí ẹ̀jẹ́ rẹ̀.

Ó tan ọkọ̀, ó gba ilé ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀bá ọ̀nà ló tọ̀ dé ibẹ̀, kò jẹ́ kí ọkọ̀ sáré rárá.

Ọmọ wà nídìí tábìlì ìjẹun, ó ń máàkì ìwé ìdánwò. Ìyá kò jókòó. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí ìwé tí ọmọ ń máàkì lọ́wọ́.

Ọmọ wo kọ́kọ́rọ́, ó gbé gègé sílẹ̀. “Nígbà wo ni?”

“Ìṣẹ́gun.”

Ọmọ kò pariwo. Olùkọ́ ìṣirò ni, ìyá rí i bó ṣe ń ka ọjọ́ nínú ọkàn. Ó ní kí ìyá jókòó, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lé ọwọ́, ó ní kó tì í. Ìyá tì í, ọmọ ṣubú sẹ́yìn, ó fi ìdí jókòó sílẹ̀. Ọmọ ní kó tún tì í. Ìyá tún tì í, ó tún ṣubú. Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò yé òun o, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni àwọn ń lọ nísinsìnyí, òun ló sì máa wakọ̀.

Ó wà á. Ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀pá gígùn mẹ́rin wà láàárín wọn bí ẹni kẹta. Wọ́n dé orí afárá. Gegele kan wà níbi tí afárá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ gbá a, àwọn ọ̀pá sún síwájú, ọkọ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọmọ tẹ tọ́tù. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wá rọra yíjú sí ìyá.

“Mọ́mì. Ṣé ẹsẹ̀ tèmi náà ni?”

Èyí tí ìyá mọ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu. “Pa ọkọ̀, kó o fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ. Ó máa lọ.”

Ọmọ tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ó pa ọkọ̀. Kò ra ẹsẹ̀ kankan. Ó tan án padà, ọkọ̀ lọ. Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá.

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sùúrù, torí òun lọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún ẹni tó bá ń kánjú. Ọmọ ní kí wọ́n yà níbẹ̀ ná. Sùúrù fetí sí wọn, ó bèèrè iná tó tàn. Ìyá àti ọmọ jọ dáhùn pé kò sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí igun ọ̀tún. Ó fi ìka pa aṣọ dúdú náà lára.

“Ta ló rán èyí? Iṣẹ́ ọwọ́ yìí dára o.”

Ìyá ní òun ni. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, láàárín gbogbo wàhálà náà. Sùúrù fi èékánná mú etí aṣọ, ó ká a kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iná méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tàn bọ̀ọ́. Ọ̀kan ni ti táyà. Ìkejì jẹ́ àwòrán ẹ́ńjìnnì, kò sì sí níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ó ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó kà á. Lẹ́yìn èyí ó dùbúlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí tọ́tù, ó pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó. Orí wáyà kan wà tí wọ́n kì bọ ẹ̀yìn tọ́tù. Ara rẹ̀ ti họ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Orí àwọn ọ̀pá kọ́tìnì ló dojú kọ ọ́, àpá dúdú ara wáyà náà sì wà lára ọ̀kan nínú wọn.

Ó ṣàlàyé fún wọn pé tọ́tù ìsinsìnyí kò fi okùn fa ẹ́ńjìnnì bíi ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ló ń rán sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà rán an: bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ẹlẹ́rìí méjèèjì gbọ́dọ̀ wí pé ìdajì ni. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá yàtọ̀, kọ̀ǹpútà kò ní gba ìkankan gbọ́. “Á dín agbára kù fúnra rẹ̀,” ni Sùúrù wí, “kí ọkọ̀ má baà fò síwájú lójijì. Èyí tí ẹ fi máa rọra délé ló fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ ò gbọdọ̀ bá a jìjàkadì. Ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ gbé e wá. Bí ẹ bá pa á tí ẹ tún tan án, ó lè gbàgbé o, ṣùgbọ́n kò tíì wo sàn.”

Ọmọ bèèrè iye ìgbà tó ti ṣe é. Ẹ̀rọ kékeré náà ti kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́sàn-án.

“Mẹ́sàn-án,” ni ọmọ wí. Ó yíjú sí ìyá. “Ọkọ̀ ló ṣe é, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Ẹsẹ̀ yín lẹ rò pé ó ń kú lọ, ẹ sì ń wakọ̀ bọ́ sáàárín àwọn ènìyàn.”

Wọ́n ti dá ẹsẹ̀ Ìyá Oníkọ́tìnì láre, ó yẹ kó yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí kò mọ̀ pé òun ní ló wá jókòó sí ibi tí ìbẹ̀rù wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ méjì tó dúró ní oríta yẹn ló ń rí lójú inú. Ó gbìyànjú láti tò ó pọ̀, ohun tó jẹ́ ti ọkọ̀, ohun tó jẹ́ ti ẹsẹ̀, ohun tó jẹ́ ti òun, kò tò.

“Òótọ́ lo sọ,” ló rí wí.

Sùúrù pààrọ̀ orí wáyà náà, ó fi ẹ̀rọ kékeré rẹ̀ pa iná ẹ́ńjìnnì, ó fa àwọn ọ̀pá jáde, ó dì wọ́n mọ́ orí ọkọ̀ níta. Kó tó jẹ́ kí wọ́n lọ, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ẹ̀yìn kan. Kò pẹ́, iná táyà náà kú. Ó bèèrè ìgbà tó ti ń tàn. Nígbà tí ìyá ní ọdún mẹ́ta, ó gbójú sílẹ̀, ó ní sùúrù ọkọ̀ yìí ju ti òun lọ.

Wọ́n ṣì lọ sí ilé ìwòsàn, torí ọmọ ní ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀. Dókítà kan ẹsẹ̀ níbí, ó gún un lọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan. Wọ́n padà sí ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Ọmọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣí i. Lẹ́yìn náà ó na kọ́kọ́rọ́ sí ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e wá. Ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà gbé e wá. Bó bá tún di ọjọ́ kejì kí n tó gbọ́, Mọ́mì, ẹ má ṣe bínú sí mi.”

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wọlé, ó wọ bàtà rẹ̀ dáadáa, ó tan ọkọ̀. Igun ọ̀tún dáṣíbọ́ọ̀dù wà ní ìhòòhò, àpá gọ́ọ̀mù yí i ká, kò sí iná kankan níbẹ̀. Ó wò ó títí kó tó gbé ẹsẹ̀ lé tọ́tù. Wọ́n jáde sójú ọ̀nà. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá wọn lọ́tùn-ún, wọ́n ń kọjá wọn lósì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ nà ọrùn wo iwájú awakọ̀, ó ní ṣé ó tún ti bẹ̀rẹ̀ ni, kí ló dé tí wọ́n ń wọ́ báyìí?

“Ọkọ̀ kọ́,” ni Ìyá Oníkọ́tìnì wí. “Èmi ni mo ń rọra.”